Kápítálísíìmù àti Sóṣálísíìmù: Ta Ni Yóò Bi Ẹni Tó Di Àpò Mú Léèrè?

  

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi lọ́dún yìí ni pé kí n ṣe àfiwé ètò ọrọ̀-ajé méjì tí aráyé ti ń jà lé lórí láti ohun tó lé ní àádọ́jọ ọdún. Ọ̀kan ni kápítálísíìmù, ìyẹn ètò tó fi ohun ìní àti òkòwò sọ́wọ́ aládàáni. Èkejì ni sóṣálísíìmù, ìyẹn ètò àjùmọ̀ní, tó ní kí ohun ńláńlá tí ìlú fi ń jẹun wà lọ́wọ́ gbogbo ìlú.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí n óò sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ṣe irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ní ìlú kan. Mo gbé Marx ṣubú, mo gbé Adam Smith lé e lórí, àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo pé mo ṣe é. Nígbà tí a ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè dìde, ìyá kan tó ń ta gàrí dìde. Ó ní, "Alfa, a gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ẹ ní àwọn méjèèjì ò dáa. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tí àwa obìnrin dá jọ sọ́wọ́ àwọn aṣáájú wa níbí, tí a ò gbúròó ẹ̀ mọ́, abẹ́ èwo nínú méjèèjì ni kí á kọ ọ́ sí?" Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo fi ẹ̀rín bo ara mi láṣìírí, torí n kò ní èsì kankan lẹ́nu.

Ìbéèrè ìyá yẹn ni mo fẹ́ gbìyànjú láti dáhùn lónìí.

Kóńgò méjì kò bá ọjà mu

Bí àwa oníwàásù ṣe máa ń ṣe àfiwé yìí, àléébù wà níbẹ̀, èmi gan-an sì wà lára àwọn tó jẹ̀bi. Ẹni tó bá fẹ́ràn sóṣálísíìmù á mú ohun tó wà nínú ìwé Marx, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwà àwọn olówó Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá fẹ́ràn kápítálísíìmù á mú ohun tó wà nínú ìwé Adam Smith, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwà Stalin. Àwa náà á wá mú òfin ẹ̀sìn wa látinú ìwé, a ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwà àwọn méjèèjì, a ó ní àwa la borí.

Ẹ gbọ́ ná. Gbogbo ẹni tó bá ń fi ìwé tirẹ̀ wé ìwà ẹlòmíràn ni yóò máa borí. Bí ọlọ́jà bá ń fi kóńgò ńlá ra gàrí lóko, tó ń fi kóńgò kékeré tà á nílé, gbogbo wa la mọ orúkọ tí à ń pè é. Ọ̀rọ̀ ètò ọrọ̀-ajé náà ò yàtọ̀. Ìwé ni ká fi wé ìwé, ìwà ni ká fi wé ìwà.

Ohun tí ìwé àwọn méjèèjì sọ

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ fi ìwé wé ìwé, kí á má sì rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ.

Ìwé Adam Smith tó gbajúmọ̀ jáde ní ọdún 1776. Kókó ohun tí àwọn tó tẹ̀ lé e ń sọ ni pé ẹni tó ni nǹkan ló máa ń tọ́jú rẹ̀, àti pé iye ọjà jẹ́ ìránṣẹ́ tí kì í sùn. Bí ata bá wọ́n lọ́jà, àgbẹ̀ tó wà lóko gbọ́, kò sí ìjọba tó kọ lẹ́tà sí i. Á gbin ata sí i. Bí ata bá pọ̀ jù, iye rẹ̀ á wálẹ̀, àgbẹ̀ náà á yí padà sí ẹ̀gẹ́. Bí ó bá ṣìṣe, àpò ara rẹ̀ ló ń jìyà. Kò sí ọ́fíìsì kan láyé tó lè mọ ohun tí gbogbo àgbẹ̀ àti gbogbo oníbàárà mọ̀ nípa ara wọn. Òtítọ́ ńlá lèyí, ẹni tó bá ti dúró ní ọjà rí mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àléébù rẹ̀ ni pé ohùn owó nìkan ni ọjà máa ń gbọ́. Ọmọ tí ebi ń pa tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, ọjà kò mọ̀ pé ó wà láyé. Ẹni tó bá sì ti là tán, kì í pẹ́ tí yóò fi wá ọ̀nà láti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Smith fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé bí àwọn oníṣòwò kan náà bá pàdé, ó ṣòro kí ọ̀rọ̀ wọn má yọrí sí bí wọn yóò ṣe gbówó lé ọjà. Àwọn tó ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe fáàrí kì í sábà rántí ibẹ̀ yẹn.

Apá kìn-ín-ní ìwé ńlá Marx jáde ní ọdún 1867. Ohun tó sọ ni pé òṣìṣẹ́ ń ṣe ọjà tí iye rẹ̀ ju owó iṣẹ́ tí wọ́n ń san fún un lọ, àlékún náà sì ń wọ àpò ẹni tó ni ẹ̀rọ. Ó ní bí ìdí ọrọ̀ bá wà lọ́wọ́ ìwọ̀nba èèyàn, àwọn yẹn náà ni yóò máa ṣe òfin, òfin náà yóò sì máa gbè wọ́n. Òtítọ́ ńlá lèyí náà. Ẹni tó bá ti ṣe lébìrà rí lábẹ́ kọngílá mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àléébù tirẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré kan: "gbogbo wa." A ní ti gbogbo wa ni. Ó dáa. Ṣùgbọ́n gbogbo wa kò lè jókòó sídìí àpótí owó lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan ni yóò jókòó tì í lórúkọ wa. Ọjọ́ tí ẹni yẹn bá kọ̀ láti ṣí àpótí kí á wò ó, kí ni a ó ṣe?

Bí ẹ bá wo ìwé méjèèjì, ẹ ó rí i pé kò sí èyí tó jẹ́ iṣẹ́ òmùgọ̀. Ó kù kí á wo ìwà.

Aládùúgbò méjì, ọ̀nà méjì

N kò ní gbé yín lọ sí Rọ́ṣíà àti Amẹ́ríkà. Àwọn yẹn jìnnà síra ju kí á fi wọ́n wé ara wọn lọ, ìtàn wọn kò jọra, ilẹ̀ wọn kò jọra. Ní ìlà-oòrùn Áfíríkà ni mo fẹ́ kí á lọ, níbi tí orílẹ̀-èdè méjì ti jọ pààlà: Tànsáníà àti Kẹ́ńyà. Gẹ̀ẹ́sì ló ṣàkóso méjèèjì kí wọ́n tó gba òmìnira. Tanganyika gba tirẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1961, ó sì dara pọ̀ mọ́ Zanzibar ní 1964, tí wọ́n di Tànsáníà. Kẹ́ńyà gba tirẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1963. Àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn méjèèjì. Wọ́n jọ ń gbọ́ èdè Swahili, Mùsùlùmí sì pọ̀ ní etíkun wọn. Àwọn méjèèjì àti Ùgáńdà tilẹ̀ jọ ní rélùwéè, ilé ìfìwéránṣẹ́ àti ọkọ̀ òfúrufú pọ̀. Lẹ́yìn òmìnira ni ọ̀kan gba ọ̀nà àjùmọ̀ní, èkejì gba ọ̀nà aládàáni. Bí a bá ń wá ibi tí a ti lè dán oògùn méjì wò lára ọmọ ìyá méjì, ibẹ̀ nìyẹn.

Ní oṣù Kejì ọdún 1967, Julius Nyerere àti ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, TANU, gbé Ìkéde Arusha jáde. Ìjọba gba àwọn báńkì àti ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá. Orúkọ tí wọ́n sọ ètò náà ni Ujamaa, tó túmọ̀ sí àjọṣe bíi ti ẹbí. Ohun tó wú mi lórí jù nínú Ìkéde yẹn ni òfin tí wọ́n fi de àwọn aṣáájú. Aṣáájú ẹgbẹ́ tàbí ti ìjọba kò gbọdọ̀ ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ kankan, kò gbọdọ̀ jẹ́ olùdarí ilé iṣẹ́ aládàáni, kò gbọdọ̀ gba owó oṣù méjì, kò gbọdọ̀ ní ilé tó ń gbowó lọ́wọ́ ayálégbé. Ẹ fi ojú inú wo irú òfin yẹn láàrin wa níbí, kí ẹ wò ó bóyá ẹnikẹ́ni yóò du ipò mọ́!

Ètò náà ṣe rere, kí á má purọ́. Ní 1967, àwọn àgbàlagbà tó mọ̀wé kà ní Tànsáníà kò tó ìdajì. Nígbà tí yóò fi di àárín àwọn ọdún 1980, àwọn tó mọ̀ ọ́n kà ti pọ̀ ju àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kà lọ dáadáa, torí ìjọba kọ́ àgbà, kọ́ ọmọdé, ó sì yọ owó ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò. Ilé ìwòsàn kéékèèké dé abúlé. Nyerere fúnra rẹ̀ fi ipò sílẹ̀ ní 1985 láìsí ẹni tó lé e, kò sì sí ẹni tó ń pè é ní olówó.

Wàyí o, ẹ wo apá kejì. Ní agbègbè Ruvuma, ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà, àwọn àgbẹ̀ kan ti bẹ̀rẹ̀ Ujamaa fúnra wọn kí Ìkéde Arusha tó jáde. Wọ́n jọ ń dáko, wọ́n jọ ń ṣèpàdé, àwọn fúnra wọn ló ń pinnu ohun tí wọn yóò ṣe. Àwọn gan-an ló yẹ kí ìjọba gbé gẹ̀gẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1969, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba tú wọn ká, torí wọn kò gba àṣẹ látòkè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ibẹ̀ yẹn sọ́kàn, n óò padà sí i.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1973, ìjọba kéde pé gbígbé ní abúlé àjùmọ̀ní ti di àṣẹ. Títí di 1976, wọ́n kó àràádọ́ta ọ̀kẹ́ èèyàn kúrò ní ibùgbé wọn. Àwọn tí kò fẹ́ lọ, ní àwọn ibì kan, iná ni wọ́n fi sí ilé wọn. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n kó lọ sí ẹ̀bá títì, tí oko wọn jìnnà sí ilé, tí ilẹ̀ tuntun náà kò sì mọ ohun ọ̀gbìn wọn. Ọ̀dá òjò bá wọn níbẹ̀, ní 1974 sí 1975 ìjọba ní láti máa ra ọkà láti òkè òkun. Ní 1976, wọ́n tú àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àgbẹ̀ ká, wọ́n fi rírà irè oko sọ́wọ́ àwọn àjọ ìjọba. Àjọ wọ̀nyí ń ra irè ní owó pọ́ọ́kú, owó náà sì ń pẹ́ kó tó délẹ̀. Kí ni àgbẹ̀ ṣe? Ó ṣe ohun tí àgbẹ̀ ibi gbogbo máa ń ṣe. Ó gbin ìwọ̀nba tí yóò jẹ, ó fi òru gbé ìyókù gba ẹ̀yìn ilé kọjá ẹnu ibodè. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 fi bẹ̀rẹ̀, ọṣẹ, ṣúgà àti òróró ti di ohun tí wọ́n ń tò sí.

Kí á ṣe ẹ̀tọ́: kì í ṣe ètò yìí nìkan ló fa ìyà náà. Epo rọ̀bì gbówó lórí ní 1973 àti ní 1979, ogun pẹ̀lú Idi Amin ní 1978 sí 1979 sì jẹ owó ńlá. Ṣùgbọ́n òjò àti ogun kọ́ ló tú ẹgbẹ́ Ruvuma ká.

Ẹ jẹ́ kí á sọdá sí Kẹ́ńyà. Ní 1965, ìjọba Jomo Kenyatta gbé ìwé kan jáde tó pe ètò rẹ̀ ní sóṣálísíìmù ti Áfíríkà. Orúkọ lásán ni. Aládàáni ni wọ́n fi gbogbo nǹkan sọ́wọ́. Ètò náà ṣe rere, kí á má purọ́ níbí náà. Àgbẹ̀ kékeré tí òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ká lọ́wọ́ kò fún ọ̀pọ̀ ọdún láti gbin kọfí rí àyè gbin kọfí àti tíì. Àjọ tíì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964 ń gba ewé lọ́wọ́ àwọn olóko kéékèèké, ó ń bá wọn ṣe é, ó sì ń san owó fún wọn. Ilé ọ̀pọ̀ èèyàn di ilé páànù nídìí ewé tíì yẹn. Láàrin 1964 sí 1973, ọrọ̀-ajé Kẹ́ńyà ń dàgbà ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dọọdún. Aráàlú ń dáwó jọ láti kọ́ ilé ìwé fúnra wọn, Harambee ni wọ́n ń pè é.

Wàyí o, ẹ wo apá kejì. Ilẹ̀ tí àwọn òyìnbó fi sílẹ̀, lára rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn tálákà, ṣùgbọ́n oko ńláńlá bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó sún mọ́ ìjọba. Ní 1971, ìgbìmọ̀ kan tí Ndegwa ṣe alága rẹ̀ gbà pé kí òṣìṣẹ́ ìjọba máa ṣe òwò tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ ọba. Ẹ rí i bí ó ṣe dojú kọ òfin Arusha? Ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ òwò náà ló tún ń ṣe òwò. Akọ̀wé tí ìwọ oníṣòwò lọ bá pé kó fún ọ láyè, òun gan-an ni ẹ jọ ń du oníbàárà.

Aṣòfin kan, J. M. Kariuki, ń sọ ọ́ ní gbangba pé Kẹ́ńyà ti di ilé olówó mẹ́wàá àti alágbe ọ̀kẹ́ àìmọye. Ní oṣù Kẹta ọdún 1975, wọ́n bá òkú rẹ̀ nínú igbó. Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin ṣe ìwádìí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ikú náà. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 1969, ìjọba ti fòfin de ẹgbẹ́ òṣèlú Oginga Odinga, wọ́n sì ti òun fúnra rẹ̀ mọ́lé. Nígbà tó di 1982, òfin sọ pé ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ni yóò wà. Ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè béèrè mọ́ ni ọ̀ràn Goldenberg wáyé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Wọ́n ń gba owó ìwúrí gọbọi lọ́wọ́ ìjọba lórí wúrà àti dáyámọ́ńdì tí wọ́n ní àwọn kó lọ sí òkè òkun, bẹ́ẹ̀ Kẹ́ńyà fúnra rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní wúrà tó ń wà. Lẹ́yìn ìbò ìparí 2007, nígbà tí ìjà ṣẹlẹ̀ tó pa èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ìkùnsínú lórí ilẹ̀ wà lára ohun tó ń jó lábẹ́ ìjà náà.

Ní àkókò tí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò wọ̀ mọ́, ará Tànsáníà a máa bú Kẹ́ńyà pé ìlú tí èèyàn ti ń jẹ èèyàn ni. Ará Kẹ́ńyà á fèsì pé ó sàn ju ìlú tí èèyàn kò ti rí nǹkan kan jẹ lọ. Ẹ̀rín wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni ẹnìkínní ń sọ fún ẹnìkejì.

Ẹ gbé méjèèjì lé òṣùwọ̀n kan

Ẹni tó bá bi mí pé èwo ló sàn nínú méjèèjì, n kò ní sá fún un mọ́. Bó bá jẹ́ pé àgbẹ̀ ni mí ní 1975, tí mo ní sarè ilẹ̀ méjì, Kẹ́ńyà ni ǹ bá fẹ́ wà. Bó bá jẹ́ pé ọmọ tálákà ni mí lọ́dún kan náà, tí baba mi kò lè san owó ilé ìwé, Tànsáníà ni ǹ bá fẹ́ wà. Ọjà mọ bí a ti ń mú irè jáde ju ọ́fíìsì ìjọba lọ. Àjọni sì mọ bí a ti ń gbé ọmọ aláìní dé ibi tí ọjà kò lè gbé e dé. Ẹni tó bá sọ pé ọ̀kan ṣoṣo lòun fẹ́, bóyá oko ni kò dé rí, bóyá òṣì ni kò bá pàdé rí.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àfiwé wa kì í sábà kàn. Ẹ padà sí Ruvuma. Ẹ padà sí Kariuki. Ní Tànsáníà, àwọn tó fẹ́ máa darí ara wọn nínú ètò àjùmọ̀ní, ìjọba àjùmọ̀ní ló tú wọn ká. Ní Kẹ́ńyà, ẹni tó béèrè bí ilẹ̀ àti owó ṣe wọ ọwọ́ ìwọ̀nba èèyàn, òkú rẹ̀ ni wọ́n rí. Ètò méjì tó takora, ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ aráàlú jẹ́ ọ̀kan náà: má bi ẹni tó di àpò mú.

Ẹ sì wo bí ó ṣe parí. Tànsáníà ní aṣáájú tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mímọ́ ẹnì kan kì í ṣe òfin. Ẹgbẹ́ ló ṣe òfin aṣáájú ní 1967, kì í ṣe aráàlú ló ń mú un ṣẹ. Nígbà tó di 1991, ẹgbẹ́ náà ṣèpàdé ní Zanzibar, wọ́n tú òfin yẹn, aṣáájú tún lè ní ìpín, ó tún lè ní ilé ayálégbé. Ohun tí ẹni tó wà lókè nìkan lè so, òun nìkan náà ló lè tú u.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sílé. Ní ọdún 1986 tí Tànsáníà lọ bá Àjọ Ìyáwó Àgbáyé, IMF, ọdún náà ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ SAP. Ẹ̀yin àgbà rántí ohun tí náírà dà. Àwa náà ti gbé àwọn méjèèjì níyàwó. Ìjọba dá ilé iṣẹ́ irin Ajaokuta sílẹ̀ fún gbogbo wa, àwọn amọṣẹ́ láti Sófíẹ̀tì ló bá wa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún, kò tíì di ohun tí wọ́n pète. A ta ilé iṣẹ́ iná mànàmáná fún aládàáni ní 2013, jẹnẹrétọ̀ wa kò tíì kúrò lẹ́yìn ilé. Ti gbogbo wa kò ṣe é, ti aládàáni kò yanjú ẹ̀. Àbí kì í ṣe ohun kan náà ló ń ṣe àwọn méjèèjì?

Ìwà tiwa ńkọ́?

Mo mọ̀ pé alfa kan ti ń mura láti dìde pé, "Ìsìláàmù kò sí nínú méjèèjì, tirẹ̀ dá yàtọ̀." Mo gbà. Ẹ̀sìn wa gba òwò láyè, ó kọ èlé orí owó. Ó fi ogún pín ọrọ̀ kí ó má baà jókòó sójú kan. Ó dá oríṣi èèyàn mẹ́jọ lórúkọ tí owó sàká tọ́ sí. Ṣùgbọ́n ìwé wa nìyẹn. A ti jọ sọ ọ́ pé ìwà la ó fi wé ìwà.

Ìtàn kan wà tí àwa alfa fẹ́ràn láti máa sọ. Sàídínà Umar dìde láti bá ìjọ sọ̀rọ̀, ọkùnrin kan ní òun kò ní gbọ́ títí yóò fi sọ bí aṣọ tó wọ̀ ṣe ju ti ẹlòmíràn lọ, nígbà tí ìpín gbogbo wọn dọ́gba. Umar kò bínú. Ó ní kí ọmọ òun ṣàlàyé pé ìpín tòun lòun fún baba òun. A máa ń sọ ìtàn yìí láti fi yin Umar. Èmi wá fẹ́ kí á yin ọkùnrin tó béèrè náà. Bí irú rẹ̀ bá dìde nínú mọ́sálásí wa ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, ṣé a ó jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀?

N kò sọ ọ́ láti bú ẹnikẹ́ni. Èmi náà ti wà nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan láàrin àwa Mùsùlùmí. Ọdún mẹ́ta gbáko ni a kò fi ka ìwé owó sétígbọ̀ọ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ẹni tó di àpò mú jẹ́ ẹni ọ̀wọ̀, a ní tí a bá béèrè yóò dà bí ẹni pé a fẹ̀sùn olè kàn án. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan béèrè, àwa àgbà ní ó ń ya aláìgbọràn, ó sì fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Mo wà níbẹ̀, mo dákẹ́. Nígbà tí a wá béèrè níkẹyìn, kò sí owó, kò sí ìwé. Lára àwọn tó pàdánù ni opó méjì tí wọ́n ń dáwó fún owó ilé ìwé ọmọ. Kò sí Marx níbẹ̀, kò sí Adam Smith níbẹ̀. Àwa nìkan la wà níbẹ̀.

Ẹ wá fi wé àáró tí àwọn baba wa ń dá. Oko mi lónìí, oko rẹ lọ́la. Oko jẹ́ ti oníkálukú, iṣẹ́ jẹ́ ti gbogbo wa, aládàáni àti àjùmọ̀ní jọ wà nínú ìṣe kan. Ohun tó mú un dúró ni pé ojú gbogbo wa ló rí ọkọ́ ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá. Bí àjọ àwọn obìnrin ọjà náà ṣe rí nìyẹn níbi tí gbogbo wọn bá ti mọ ẹni tó kàn àti iye tó wà nílẹ̀. Bí ẹgbẹ́ bá ti tóbi ju ohun tí ojú ká lọ, ìwé àti ìbéèrè ló gbọ́dọ̀ rọ́pò ojú.

Èsì mi fún ìyá oní-gàrí

Ìyá, bí ẹ bá wà láyé, tí ọ̀rọ̀ yìí bá dé etí yín, èsì mi nìyí. Owó yín kò sọnù sábẹ́ kápítálísíìmù, kò sọnù sábẹ́ sóṣálísíìmù. Ibi tí Ruvuma àti Kariuki sọnù sí ló sọnù sí, ìyẹn ibi tí béèrè ti di ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí fún ẹ̀rín tí mo rín.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń jiyàn lórí ètò méjèèjì, ẹ máa jiyàn lọ, ó dára. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbè sẹ́yìn èyíkéyìí, ẹ bi í ní ohun mẹ́ta. Ta ló di àpò mú? Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti bi í léèrè? Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá béèrè? Ìbéèrè kẹta yẹn ni kí ẹ tẹ̀ mọ́, torí orí ìwé ni èsì méjì àkọ́kọ́ sábà máa ń wà, ìkẹta nìkan ni ìwà máa ń dáhùn.

Ẹ̀yin aṣáájú ìjọ, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín. Kí oṣù yìí tó parí, ẹ ka ìwé owó mọ́sálásí àti ti ẹgbẹ́ síta, kóbo dé kóbo, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó kéré jù lọ nínú ìjọ lè béèrè kí ó sì padà jókòó ní àlàáfíà. Bí a kò bá lè ṣe ìyẹn lórí owó tó wà nínú àpótí kan, a kò ní ẹnu láti fi sọ fún orílẹ̀-èdè bí yóò ṣe ṣe tirẹ̀.

Ọlọ́hun yóò bi gbogbo wa léèrè ohun tó fi sí wa níkàáwọ́. Kí Ó jẹ́ kí á ti fi ìbéèrè ayé kọ́ra ṣáájú ọjọ́ yẹn. Àmín.